Ẹ Tú U Kí Ẹ Tó Yọ Ọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń tọ́jú server, ẹ gbọ́ o. Datastore tí ọ̀pọ̀ host jọ ń lò nínú VMware vSphere kì í ṣe ohun tí à ń ṣàdédé fà yọ.

Ẹ kọ́kọ́ fi Storage vMotion kó gbogbo virtual machine kúrò lórí rẹ̀. Ẹ wá àwọn tó máa ń fara pamọ́: template, fáìlì ISO tí ẹ̀rọ kan ṣì so mọ́, ibi tí host ń kọ log sí, àti heartbeat ti HA. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe unmount lórí gbogbo host, láìku ẹyọ kan. NFS parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ LUN ti iSCSI ni, ẹ ṣe detach pẹ̀lú, kí ẹni tó ni sítọ́réèjì tó gbà á kúrò, kí ẹ wá ṣe rescan.

Bí ẹ bá kọ́kọ́ gba LUN, APD (All Paths Down) lè dé: host á máa wá ọ̀nà tí kò sí mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 140, vCenter sì lè má gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ìgbésẹ̀ kankan.