Ìsọ̀ Orí Kọ̀ǹpútà Tó Ń Fà: Ẹ Wádìí Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Yáwó

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí wà fún àwọn tó ń tajà nínú Second Life, àti fún ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀ pé kí ẹ bá òun yáwó ẹgbẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ọjà ọ̀hún. Kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ìdádúró náà ti ń wá.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ìlú kan tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni Second Life. Ilé-iṣẹ́ Linden Lab ti San Francisco ní Amẹ́ríkà ló ṣí i fún aráyé lọ́dún 2003. Olúkúlùkù ló ní àwòrán ènìyàn tirẹ̀ tó ń darí káàkiri ibẹ̀. Avatar ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń gba ilẹ̀, wọ́n ń kọ́lé, wọ́n ń ta aṣọ, bàtà, irun àti àga. Owó ibẹ̀, Linden dollar, ṣeé ṣẹ́ sí dọ́là Amẹ́ríkà, nítorí náà kì í ṣe eré ọmọdé lásán. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọ ìsọ̀ yín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́, tí ọjà ò tètè hàn, ẹ̀yin náà mọ ohun tó máa ṣe. Ìsọ̀ kejì ló ń lọ yẹn. Àìsàn yìí ni wọ́n ń pè ní lag.

Ibi mẹ́ta ló ti lè wá: kọ̀ǹpútà ẹni, ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé ilẹ̀ ibẹ̀ dání ní Amẹ́ríkà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti 1 pọ̀, àpótí kan tó kún fún nọ́ńbà máa yọ. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, mẹ́ta péré la fẹ́ níbẹ̀. FPS tó wà lókè ni iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà yín ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bó bá kéré, ọ̀dọ̀ yín ni wàhálà wà. Ping Sim ni àkókò àlọ àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Sim FPS ni ti kọ̀ǹpútà ńlá ọ̀hún: 45 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá ti ń já wálẹ̀ gan-an, ilẹ̀ yẹn ni ẹrù pọ̀ jù lórí rẹ̀, kò sì sí kọ̀ǹpútà tuntun tí ẹ máa rà nílé tó lè wò ó sàn.

Ká ní FPS ló kéré. Ẹ lọ síbi Draw Distance, ìyẹn bí ojú yín ṣe ń ríran jìnnà tó. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ mítà 256. Ẹni tó bá dín ìríran kù láti 256 sí 64 ti dín ilẹ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń yà kù sí ìdá kan nínú 16. Kí ni ẹni tó wà nínú ìsọ̀ fẹ́ fi òpin ìlú ṣe? Ẹ pa òjìji náà. Àwọn kan máa ń sọ pé kí á máa nu cache lójoojúmọ́. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀: ohun tí ẹ ti gbé wọlé tẹ́lẹ̀ lẹ ń dà nù yẹn, ẹ ó sì tún fi dátà gbé e wọlé.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí agbára ẹni mọ kò pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà ń sáré tó kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà bí ọ̀nà bá jẹ́ kìlómítà 10,000, àlọ àti àbọ̀ kò lè dín ní 100 lójú Ping Sim. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kó má retí 20. Wáyà dára ju Wi-Fi lọ, ká sì má máa gbé fíìmù wọlé lásìkò ọjà.

Èyí tó kan oníṣòwò jù ló kù. Àwòrán tí ẹ fi bo ara ọjà, bó bá jẹ́ 1024 níbùú àti lóòró, ń gba nǹkan bíi mẹgabáìtì 4 nínú kọ̀ǹpútà oníbàárà. Tó bá jẹ́ 512, ó di 1. Ìsọ̀ tó fi àwòrán 200 kọ́gi, 800 ni àkọ́kọ́, 200 ni èkejì. Páálí tí a kọ iye owó sí lásán, kí ló ń fi 1024 ṣe? Script náà tún ń bẹ, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú ọjà kó lè máa ṣiṣẹ́. Irun kan wà tí wọ́n fi script sí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó rà á lè fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù. Bó bá ti bá orí mu, kí ló tún kù tí wọ́n ń ṣe? Síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀lé e kiri. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà lè pa wọ́n rẹ́. Ẹ rántí pé gbogbo ará ilẹ̀ kan ló ń pín agbára kan náà bíi tránsífọ́mà àdúgbò. Ohun tí ẹ bá fi ṣòfò, ìsọ̀ aládùúgbò yín ni iná rẹ̀ máa rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo èyí, tí FPS rẹ̀ ṣì kéré nígbà tí Sim FPS wà ní 45, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti gbó lóòótọ́. Kó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kó fi mọ́ fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó rẹ̀, kó sì béèrè owó graphics card nìkan, bí a bá lè pààrọ̀ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà náà.