Ta Ni Ẹ Fi Wé E?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàárín àwọn aláìsàn kíndìnrín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó dé ìdí. Nílẹ̀ wa, àrùn tó ń ràn àti àìsàn kíndìnrín kì í pẹ́ pàdé lára ẹnì kan. Ẹni tó bá wá ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kíndìnrín á rí i. Ẹni tó bá wá HIV tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà ò ní ṣàìrí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí ti ń ṣubú nìyí: òǹkọ̀wé rí àwọn méjèèjì pọ̀, ó ka iye wọn, ó ṣírò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì parí rẹ̀ pé ti ibí ló bí tọ̀hún. Bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ yín dúró, ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ bi ara yín kí ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́: ta ni ẹ máa fi wé e?

Ìbàdàn ni ká ti bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ṣe é níbẹ̀ bó ṣe yẹ. Láyé ìgbà náà, àwọn ọmọdé tí ojú àti ẹsẹ̀ wọn wú, tí ìtọ̀ wọn ń ho nítorí purotéènì tó ń bá a jáde, kò wọ́n ní wọ́ọ̀dù. Lọ́dún 1963, àwọn dókítà méjì, Gilles àti Hendrickse, tẹ iṣẹ́ wọn lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde nínú British Medical Journal. Ibà wà lára ọmọ púpọ̀ lágbègbè náà, yálà ó wú ni o tàbí kò wú. Ká ní wọ́n kàn ka iye àwọn ọmọ tó wú tí kòkòrò ibà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ni, iye ńlá ni wọn ì bá rí, kò sì ní já mọ́ nǹkan kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn dá ṣáṣá wò pẹ̀lú. Kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù, falciparum, kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn láàárín wọn. Plasmodium malariae, èyí tí ibà rẹ̀ máa ń padà wá ní ọjọ́ kẹrin-kẹrin, ni wọ́n bá lára àwọn tó wú lọ́nà tó ga fíìfíì ju ti àwọn yòókù lọ. Bí kò bá sí àwọn ọmọ tí kíndìnrín wọn dá nínú ìwádìí yẹn, irú ibà kan ò ní lè yà sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Wọn ò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n fún àwọn ọmọ tó wú náà lóògùn ibà. Ibà lọ, kíndìnrín ò yí padà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde sì sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i, torí ẹni tó bá fẹ́ràn èrò ara rẹ̀ jù ì bá ti fi apá yẹn pamọ́. Ohun tí èsì náà fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn kì í ṣe kékeré: bóyá kòkòrò náà ò mọwọ́ mẹsẹ̀, tàbí òun ló ṣáná sí i, tí iná sì ń jó lọ lẹ́yìn tí ẹni tó ṣáná ti kúrò níbẹ̀. Dókítà Giglioli ní Guyana, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso nígbà náà, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Nígbà tí wọ́n ti lé ibà kúrò níbẹ̀, ó ròyìn lọ́dún 1962 pé àìsàn kíndìnrín náà dín kù. Mi ò ka èyí sí alágbára tó ti Ìbàdàn. Àná àti òní ló fi wéra, ọ̀pọ̀ nǹkan ló sì máa ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà nílùú tí ibà bá ti lọ, oúnjẹ, omi, títí kan ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Nígbà tó di 2006, àwọn tó yẹ àwọn ọmọ Ghana wò kò rí ẹ̀rí pé ibà ọlọ́jọ́ mẹ́rin ló wà nídìí ara wíwú tiwọn. Ẹ má fi ìyẹn fi àwọn ará 1963 ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àrùn ìlú kan lè pààrọ̀ láàárín ogójì ọdún, ohun tó sì jẹ́ òótọ́ nígbà náà ní ká tún un yẹ̀ wò báyìí.

Ọ̀rọ̀ HIV tún fi í hàn kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1984, àwọn dókítà kan ní Brooklyn, ní New York, kọ̀wé pé kíndìnrín àwọn aláìsàn AIDS kan ń tètè bàjẹ́, pé àpá ń bo àwọn ajọ̀ tó ń jọ ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní San Francisco ò gbà. Àwọn náà ń tọ́jú alárùn AIDS rẹpẹtẹ, wọn ò sì rí irú ẹ̀. Heroin ni, wọ́n ní, torí ọ̀pọ̀ aláìsàn New York ló ń gún un, wọ́n sì ti mọ̀ tipẹ́ pé kíndìnrín àwọn tó ń gún heroin máa ń bàjẹ́ lọ́nà tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí ìjà yìí ṣe le tó: ìhà méjèèjì ló ní ojú tí wọ́n fi rí ohun tí wọ́n rí, kò sì sí òpùrọ́ nínú wọn. Àwọn ọmọdé Miami ló là á. Wọ́n bí wọn pẹ̀lú kòkòrò HIV, wọn ò mọ heroin rí, síbẹ̀ kíndìnrín wọn bàjẹ́ bákan náà. Heroin bọ́ sílẹ̀ nínú ẹjọ́. Kí ló wá dé tí San Francisco ò fi rí i? Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú aláìsàn tiwọn, adúláwọ̀ ló pọ̀ jù ní Brooklyn àti Miami. Ó gba ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí ìdáhùn tó dé. Lọ́dún 2010 ni wọ́n rí oríṣi méjì jíìnì APOL1, tí wọ́n pè ní G1 àti G2, tí kò sí lára òyìnbó, tó sì pọ̀ lára àwọn Yorùbá Ìbàdàn tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà nínú àkójọ jíìnì tí wọ́n ń pè ní HapMap. Oríṣi jíìnì yìí máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ pa kòkòrò àrùn sunrunsunrun kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà-oòrùn Áfíríkà ni irú kòkòrò yẹn ń gbé, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rí i pé ìtàn náà ò tíì tán. Ẹni tó bá jogún méjì nínú rẹ̀ tó sì kó HIV, ewu àìsàn kíndìnrín yìí fi nǹkan bí ìlọ́po 29 ga lára rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì ní South Africa.

Kí ẹnikẹ́ni má sáré sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán, pé Amẹ́ríkà ti bá wa ṣe é. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa láti ọ̀hún ni pé ẹni tó jogún ẹyọ kan ṣoṣo ò ní ewu kankan. Àwọn oníwádìí Ghana àti Nàìjíríà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun, yẹ 8,355 ènìyàn wò, àwọn tí kíndìnrín wọn ń ṣàìsàn àtàwọn tí tiwọn dá, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2024. Ẹni tó ní ẹyọ kan náà ń ru ewu, ní nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ẹni tí kò ní rárá. Ìdá kékeré ni lójú, àmọ́ ẹ ka iye ọmọ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ní ẹyọ kan. Láìsí àwọn tí ara wọn dá tí wọ́n kó mọ́ ìwádìí náà nílẹ̀ wa níbí, ẹ̀kọ́ àwọn ará ọ̀hún la ó ṣì máa kà lákàsórí.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wàyí. Ká ní wọ́n gbé ọkùnrin kan dé, ara rẹ̀ ń gbóná, ìtọ̀ rẹ̀ ti dín kù, creatinine rẹ̀ sì jẹ́ 4.2 mg/dL. Ìlànà KDIGO, ẹgbẹ́ àgbáyé lórí àìsàn kíndìnrín, ní kíndìnrín ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ lójijì ni bí creatinine bá fi 0.3 ga sí i láàárín wákàtí 48, tàbí tó bá di ìlọ́po kan àbọ̀ iye rẹ̀ àtẹ̀yìnwá láàárín ọjọ́ méje. Iye àtẹ̀yìnwá yẹn, níbo lẹ fẹ́ rí i? Ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ò yẹ kíndìnrín wò rí kó tó di ọjọ́ tí wọ́n gbé wọn wá. Àwọn kan máa ń fi ìṣirò dá iye kan, bí ẹni pé kíndìnrín gbogbo ènìyàn dá tẹ́lẹ̀, ọ̀nà yẹn sì lè sọ ẹni tí tirẹ̀ ti ń kú lọ láti ọdún márùn-ún di ẹni tí ibà ọ̀sẹ̀ tó kọjá bà jẹ́. Ara aláìsàn ni kí ẹ fi wé ara rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wo creatinine lọ́jọ́ tó dé, ẹ gbà á ní ọ̀la, ẹ gbà á ní ọ̀tunla, ẹ gbà á kó tó lọ sílé, kí ẹ sì tún gbà á lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí oṣù mẹ́ta ni ààlà tí wọ́n fi mọ èyí tó ti di bárakú. Ẹ wọn ìtọ̀ rẹ̀, kí ẹ má kàn kọ pé ó ń tọ̀. Ẹ ṣe scan: kíndìnrín tó ti súnkì ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ti alárùn HIV tàbí àtọ̀gbẹ lè tóbi bó ṣe yẹ kó sì ti bàjẹ́ tán. Ẹ béèrè àgbo, oògùn ara ríro àti abẹ́rẹ́ gentamicin tí wọ́n gún un ní kẹ́místì, láìbú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ẹ bá bú ò ní sọ òótọ́ fún yín lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ sì rántí pé creatinine fúnra rẹ̀ lè ga láìsí pé nǹkan kan ṣe kíndìnrín. Dolutegravir tí àwọn alárùn HIV ń lò báyìí máa ń gbé e sókè díẹ̀, nítorí ó ń dí ọ̀nà kan tí creatinine ń gbà bọ́ sínú ìtọ̀. Àwọn tí wọn ò lò ó tí wọ́n wà nínú ìwádìí lórí oògùn náà ló jẹ́ kí àwọn oníwádìí mọ èyí.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Ẹ máa ní àwọn aláìsàn ń kú lójú wa, pé àfiwé jẹ́ ohun ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Ibà Lásà ni màá fi dá yín lóhùn. Ní Irrua, ní ìpínlẹ̀ Edo, nínú àwọn aláìsàn 284 tí ìròyìn wọn jáde ní 2018, bí ẹni 24 ló kú nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ sì ni ikú mú jù. Ní Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú, bíbàjẹ́ kíndìnrín wà lára àmì tó ń sọ ẹni tó máa kú. Ribavirin ni wọ́n ń fún wọn, ẹ̀rí tó sì gbé e dúró wá láti Sierra Leone lọ́dún 1986. Lára àwọn tí àrùn náà wọ̀ lára gan-an, bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò gba oògùn ló kú, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan péré ló kú nínú 20 tó tètè gbà á. Wọn ò fi kèké pín àwọn aláìsàn náà. Nítorí pé iye yẹn dára lójú, ẹnikẹ́ni ò tún fẹ́ dán an wò mọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Àwọn tó tún ẹ̀rí náà yẹ̀ wò lẹ́nu àìpẹ́ yìí ń ṣiyèméjì, pàápàá lórí àwọn tí àrùn ò wọ̀ lára púpọ̀. Ribavirin máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì ń gbé e jáde. Nígbà tí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ bá gbà á tó sì kú, ṣé àrùn ló pa á ni àbí oògùn? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn, torí kò sẹ́ni tí a lè fi wé e. Ìkánjú 1986 ló jẹ́ kí a wà nínú òkùnkùn dòní, kò sì dájú pé ìkánjú náà gba ẹ̀mí là tó iye tí a rò.

Àwọn mìíràn á ní ara aláìsàn kíndìnrín ti díjú jù, pé ẹ yọ ọ́ kúrò kí èsì má bàa dàrú. Àwọn tó dán abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà wò ní 2020 ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí oògùn ti dín agbára ara wọn kù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ wá dé, wọ́n yẹ 436 ènìyàn tó ti gba ẹ̀yà ara ẹlòmíràn wò, kíndìnrín ló pọ̀ jù, wọ́n sì rí i ní 2021 pé 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ní èròjà ìgbógunti àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èkejì, kò ju bí ìdajì lọ láàárín irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ fún àwọn tí ẹ̀rọ ń fọ ẹ̀jẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì. Ẹni tí ẹ yọ sílẹ̀ kúrò nínú ìwádìí, ẹ ò yọ ọ́ kúrò nínú àrùn. Oògùn kan náà ni wọ́n máa fún un lọ́la, dókítà rẹ̀ á sì máa méfò.

Ti owó, mo mọ̀. Ẹ ò ní rí owó gé ẹran kíndìnrín gbogbo ènìyàn wò, ẹ ò sì nílò rẹ̀ fún púpọ̀ nínú ohun tí mo sọ. Ibi tí owó yín gbọ́dọ̀ lọ ni àyẹ̀wò ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta yẹn. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù méjì, ti aláìsàn àti ti ẹni tó gbé e wá. Ẹ kọ owó ọkọ̀ rẹ̀ sínú ètò ìnáwó kí ẹ tó kọ owó kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá padà wá, ẹ wá a délé kí ẹ mọ̀ bóyá ó kú ni tàbí ara rẹ̀ yá tó sì padà sóko, torí àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń kọ sí abẹ́ orúkọ kan náà nínú ìwé: «kò wá mọ́».