Ìwé alàwòrán fún ọmọ ọwọ́

 Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ní Yoko, àwọn kan nínú yín máa ń sọ pé, "Èmi ò mọ Faransé kà, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ilé ìkàwé ṣe?" Ẹ gbọ́, àwòrán kì í sọ Faransé. Bí ẹ bá rí ewúrẹ́ níbẹ̀, ẹ pè é ní ewúrẹ́, ẹ ké bíi rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń gbọ́ lẹ́nu yín ló ń kó jọ tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ní Kútọnu, ilé ìtẹ̀wé Ruisseaux d'Afrique, tí Béatrice Lalinon Gbado dá sílẹ̀, ń tẹ ìwé àwọn ọmọdé ilẹ̀ wa. Ẹ bèèrè rẹ̀.

Ìkókó kì í ríran jìnnà, bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ni, bí ojú yín ṣe jìnnà sí tirẹ̀ nígbà tó ń mu ọyàn. Ẹ gbé ìwé súnmọ́ ọn. Bó bá yíjú kúrò, ó ti tó nìyẹn, ẹ pa á dé.

Ọmọ oṣù mẹ́fà á fi ìwé sẹ́nu ṣá, ẹ má nà án. Èyí tí ewé rẹ̀ le bíi páálí ni kí ẹ yá. Bí ọ̀kan bá fàya, ẹ má tìtorí ìtìjú fi í pamọ́ sílé. Ẹ dá a padà, kí ẹ sì yá òmíràn.