Ta Ni Ó Ni Àṣẹ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

  

Ẹni tí ó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní Ajah lè rò pé inú afẹ́fẹ́ ni ó wà, pé kò ní onílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Okùn ni ó ń gbé e gba abẹ́ òkun wá. Ọ̀kan nínú wọn, Equiano, tí ó ti ilẹ̀ Portugal wá, gúnlẹ̀ sí Lekki wa níhìn-ín ní 2022. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó gúnlẹ̀ sí, òfin Nàìjíríà sì dé ibẹ̀.

Ní 2013, àwọn onímọ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó jọ fẹnu kò pé òfin tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, àti pé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ní 2024, Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fi kún un pé kí ìjọba kan wọ inú ẹ̀rọ orílẹ̀-èdè mìíràn láìgba àṣẹ, ó rú òfin. Èyí kò ṣàjèjì sí wa: áyà 27 nínú Súrátun-Núr ti kọ́ wa pé a kì í wọ ilé onílé láìtọrọ àyè.

Ṣùgbọ́n ṣé onílé lè ṣe bí ó ti wù ú? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 2021, lẹ́yìn tí Twitter (tí à ń pè ní X báyìí) pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kan rẹ́, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter. Ìjọba ní wọ́n ń lò ó láti da ìlú rú. Ó lé ní oṣù méje kí wọ́n tó ṣí i ní oṣù kìíní 2022. Ẹgbẹ́ SERAP àti àwọn mìíràn gbé ẹjọ́ lọ sí Kóòtù ECOWAS. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje 2022, kóòtù dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe kò bófin mu, pé ó tako ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí ó wà nínú Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Nàìjíríà sì ti tọwọ́ bọ ìwé náà.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìyí: onílé ní àṣẹ, ṣùgbọ́n àdéhùn de onílé. Áyà kìíní Súrátul-Má'idah pa wá láṣẹ láti mú àdéhùn ṣẹ. Kò yọ ọba sílẹ̀, kò yọ mẹ̀kúnnù sílẹ̀.

Àwa náà ńkọ́? Ẹni tí ó jókòó sí yàrá ní Ajah, tí ó já wọ àkáǹtì ẹnì kan ní Amẹ́ríkà, ilé onílé ni ó wọ̀. Òfin Nàìjíríà ti 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà lè mú un láyé. Ìṣirò ti Ọlọ́hun ṣì ń bẹ níwájú. Bí a ti ń béèrè ẹ̀tọ́ wa lọ́wọ́ ìjọba, kí a má fi ọwọ́ ara wa gba ti ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.