Fákúùmù: Ẹ Ka Ara Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Fi Iná Sí I

Ní àdúgbò wa, láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, kò sí ilé tí eruku kò mọ ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ lójú títì tọ̀sán-tòru. Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, afẹ́fẹ́ a gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá bá wa. A gbálẹ̀ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán eruku ti bò ó.

Ìgbálẹ̀ dára fún ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n tí a bá fi gbá rọ́ọ̀gì, eruku á fò sókè, á wọ imú wa, á sì tún bà sórí rọ́ọ̀gì kan náà. Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn fi ń lo ẹ̀rọ tí ń fa eruku, tí à ń pè ní fákúùmù. Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní òtẹ́ẹ̀lì. Àwọn mìíràn nínú yín ń fi í ṣiṣẹ́ oṣù. Àwọn mìíràn, ọmọ wọn ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Ta ni ó ṣe é?

Ní ọdún 1901, Hubert Cecil Booth, ará Ìlú Ọba, ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa eruku. Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ẹṣin ni ó ń fà á kiri ìgboro London. Ìta ni wọ́n ń gbé e sí, wọn a sì ti rọ́bà gígùn gba ojú fèrèsé wọ inú ilé.

Ní Amẹ́ríkà, James Murray Spangler ṣe èyí tí ènìyàn kan lè fi ọwọ́ tì. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Iṣẹ́ agbálẹ̀ ni ó ń ṣe ní ilé ìtajà ńlá kan, ó sì ní ikọ́ fée. Eruku rọ́ọ̀gì ń fún un lọ́rùn. Ó mú mọ́tò fáànù, àpótí ọṣẹ, igi ìgbálẹ̀ àti àpò ìrọ̀rí, ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ. Ní ọdún 1908, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Ẹ ò rí i pé agbálẹ̀ ló bá agbálẹ̀ ṣe é!

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́?

Mọ́tò ń yí fáànù nínú rẹ̀. Fáànù ń lé afẹ́fẹ́ jáde, afẹ́fẹ́ mìíràn sì ń sáré gba ẹnu rọ́bà wọlé láti dí àyè rẹ̀. Eruku á bá a wọlé. Àpò àti asẹ́ á dá eruku dúró, afẹ́fẹ́ á kọjá. Nínú ọ̀pọ̀ fákúùmù, afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni ó ń tu mọ́tò lára. Tí ọ̀nà rẹ̀ bá dí, mọ́tò á gbóná.

Ohun tí a kọ sí ara rẹ̀

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ yí ẹ̀rọ náà, ẹ wo abẹ́ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí nọ́ńbà àti lẹ́tà V. Lẹ́tà yìí kò sí nínú ábídí Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà tó wà níwájú rẹ̀ ń sọ irú iná tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́.

Iná Nàìjíríà: 230V.
Iná Ìlú Ọba: 230V.
Iná Amẹ́ríkà: 120V.

Tí ẹ bá rí 220-240V, ó bá iná wa mu. Tí ó bá jẹ́ 110V tàbí 120V nìkan, ẹ má ṣe kì í bọ iná.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ìyá kan ní Ìsọlọ̀ gba fákúùmù láti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò wọ ihò iná ilé. Ọmọkùnrin aládùúgbò ní:

"Mà, ẹ jẹ́ kí n lọ ra ẹnu mìíràn tí a ó fi kì í bọ̀ ọ́. Kò sí wàhálà."

"Dúró ná, ọmọ mi. Ka ibi tí mo fọwọ́ sí yìí."

"120V ni, mà."

"Tiwa ńkọ́?"

"230V, mà."

"Ṣé ẹnu tí o fẹ́ rà yẹn lè dín iná kù?"

"Rárá, mà. Ẹnu nìkan ló ń yí padà."

Ìyá yìí ti gba ilé rẹ̀ là. Tí wọ́n bá fi iná sí i, mọ́tò á sáré àsápajúdé, á gbóná, á rú èéfín. Iná lè ràn mọ́ rọ́ọ̀gì. Tiransifọ́mà tí ń dín iná kù ni yóò nílò. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú W pẹ̀lú: ti tiransifọ́mà gbọ́dọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ 1200W lè lo tiransifọ́mà 2000W. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀: jẹnẹrétọ̀ 650W kò lè gbé fákúùmù 1400W.

Ìtọ́jú rẹ̀

1. Ẹ yọ wáyà kúrò nínú iná kí ẹ tó ṣí i. Ẹnu wáyà ni kí ẹ dì mú, ẹ má ṣe fa wáyà.
2. Ẹ má fi fa omi, àfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó lè fa omi. Omi àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.
3. Ẹ má fi fa eérú gbígbóná, ẹ̀ṣẹ́ iná, epo bẹntiróò, ìgò fífọ́ tàbí abẹ́rẹ́.
4. Ẹ da eruku nù kí àpò tó kún.
5. Ẹ gbọn asẹ́ nù níta. Tí ìwé rẹ̀ bá ní kí ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà.
6. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé irun àti òwú tó wé mọ́ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀.
7. Tí igbe rẹ̀ bá yí padà lójijì, ẹ pa á. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti dí rọ́bà.
8. Tí iná bá lọ, ẹ pa á, kó má baà ta kìjí nígbà tí iná bá dé.

Ìbéèrè

1. Irú iṣẹ́ wo ni Spangler ń ṣe?
2. Kí ni V ń sọ fún wa? Kí ni a fi ń mọ̀ bóyá jẹnẹrétọ̀ lè gbé ẹ̀rọ?
3. Kí nìdí tí ẹnu wáyà tuntun kò fi tó fún ìyá Ìsọlọ̀?
4. Ẹ wá V lára fáànù, áyọ́ọ̀nù àti rédíò ilé yín. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú un wá sí kíláàsì.