Okùn Ọrùn Ọmọ Màlúù

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin dókítà ẹran, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìdóàní ni mo ń gbé. Àbúrò mi fún mi ní abo ọmọ màlúù kan tí wọ́n ti já lẹ́nu ọmú, ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Oko ẹ̀gẹ́ àti ọ̀pẹ ni mo ní, pẹ̀lú ilẹ̀ kékeré kan tí mo fi sílẹ̀ kó sinmi, koríko sì kún ibẹ̀. Mo fi okùn ọ̀rá so ó mọ́ kùkùté kan níbẹ̀, mo ní kí n yà dé ọjà. Kí n tó padà dé, okùn ti wé mọ́ kùkùté tán, ọrùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan igi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àyà mi já. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ní kí n tú u sílẹ̀ kó máa rìn kiri, èmi ò sì fẹ́ kó wọ oko olóko. Báwo ni mo ṣe lè so ó tí kò fi ní kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Ìyá olóko, Ìdóàní

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú orí ire. Ẹran tó wé mọ́ kùkùté tí ẹ ṣì bá láàyè, ọpẹ́ ló yẹ. Ẹ má tú u sílẹ̀ o. Yàtọ̀ sí ti oko olóko, òfin ìpínlẹ̀ Oǹdó tí olóògbé Gómìnà Rótìmí Akérédolú buwọ́ lù lọ́dún 2021 lòdì sí kí ẹran máa jẹ̀ káàkiri. Orí ilẹ̀ tiyín ni kó ti máa jẹ̀. Bí ohunkóhun bá rú yín lójú nínú òfin náà, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín ní Ìfọ́n.

Kùkùté kì í yí. Bí ẹran bá ṣe ń yí i ká ni okùn ń kúrú. Èèkàn ni ẹ nílò. Ẹ bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀ kó gé ọ̀pá irin tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì àbọ̀, kó lu ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kó fẹ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, kó sì fi òrùka irin tó ń yí fàlàlà sábẹ́ orí náà. Ara òrùka yẹn ni ẹ máa so okùn mọ́. Ẹ gbá èèkàn wọlẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ilẹ̀ dọ́gba. Bí ẹran bá yí po, òrùka á bá a yí, okùn ò ní rí ohun tó máa wé mọ́. Lásìkò òjò tí ilẹ̀ rọ̀, ẹ fa èèkàn náà tagbáratagbára wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ a máa gé ẹran lọ́rùn. Okùn òwú tó nípọn bí àtàǹpàkò ló dáa, kí èyí tó wà lọ́rùn gan-an sì jẹ́ ọ̀já fífẹ̀ tí ìka yín mẹ́ta lè wọ abẹ́ rẹ̀. Kókó tí ẹ máa ta sí i kò gbọdọ̀ jẹ́ òjóbó. Òjóbó la fi ń mú ẹran ìgbẹ́: bó bá ṣe ń jà tó ló ń fún un tó. Mo fura pé òjóbó ni ẹ ta, nítorí bí ẹ ṣe ní ó ń mí yẹn.

Ní ti gígùn okùn, mítà 5 ti tó. Èyí á fún un ní ilẹ̀ róbótó tó jẹ́ mítà 10 láti etí kan dé ìkejì. Bí ẹ bá sọ okùn di ìlọ́po méjì, koríko tí ẹnu rẹ̀ á tó yóò di ìlọ́po mẹ́rin, àmọ́ ọ̀nà tó lè gbà kó sínú ìjàǹbá náà á pọ̀ sí i. Kí èèkàn jìnnà sí ẹ̀gẹ́ ní mítà 8 ó kéré tán, torí ẹran a máa na ọrùn kọjá ibi tí okùn mọ.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́ yìí, ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹran. Májèlé wà nínú ewé àti èèpo rẹ̀ tútù. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ yó lè máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kó ṣubú, kó sì kú kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Èèpo tí wọ́n bá rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì sá gbẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀; àwọn onímọ̀ ILRI, iléeṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní oúnjẹ ẹran.

Èèsún àti eruwà tó ṣì rọ̀ ni kó máa jẹ. Bó bá wọn kílò 100, ó lè jẹ tó kílò 12 sí 15 koríko tútù lóòjọ́. Ewé Akíntọ́lá kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹwọ̀n adèlé níbẹ̀, ẹ fà á tu.

Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Tiyín nírù, ṣùgbọ́n èèkàn ò jẹ́ kó lè wá òjìji lọ, kò jẹ́ kó lè wá omi, kò sì jẹ́ kó lè sá fún ajá tàbí ìjàlọ. Ẹ̀yin lẹ máa ṣe gbogbo ìyẹn fún un. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò fún ìjàlọ kí ẹ tó so ó. Ẹ dúró kí ìrì gbẹ kí ẹ tó mú un jáde láàárọ̀, torí ọmọ aràn a máa gun orí koríko tó tutù. Tí oòrùn bá ti mú, ẹ mú un wá sábẹ́ igi, kí omi tó mọ́ wà níwájú rẹ̀, ó kéré tán lítà 10 lóòjọ́, kó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Lójoojúmọ́ ni kí ẹ máa ṣí èèkàn nípò, kó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó padà síbi tó ti jẹ̀. Kò gbọdọ̀ sùn síta.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀hìnkùlé ilé ni kí ẹ ti fi okùn mọ̀ ọ́n, wákàtí kan péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jókòó tì í. Yóò ké, torí agbo ló mọ̀. Ìyẹn ò burú. Ẹ wo inú etí àti abẹ́ ìrù rẹ̀ fún eégbọn. Bó bá jẹ́ irú funfun tí wọ́n ń dà wá láti òkè Ọya ni, ẹ má so ó sí etí odò tó ṣókùnkùn, torí eṣinṣin tsetse ń pa á lára ju àwọn màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lọ bá alágbẹ̀dẹ, ẹ kọ́kọ́ tú òjóbó yẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀ lónìí.