Títóbi Iṣan àti Agbára Ẹni tí Ń Gun Kẹ̀kẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí itan rẹ̀ bá ki jù ni yóò sáré jù lórí kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èrò yìí lọ̀ pọ̀: okun, tí í ṣe bí iṣan ṣe lè tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ tó, agbára, tí í ṣe okun náà pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ ṣe ń yára yí, àti ìfaradà, tí í ṣe bí ènìyàn ṣe lè pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó rẹ̀ ẹ́. Wáàtì ni wọ́n fi ń wọn agbára, bí wọ́n ti ń fi í wọn ti gílóòbù iná.

Òótọ́ ni pé bí iṣan bá ti tóbi sí i ni okun rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí pé fọ́nrán, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tín-ín-rín bí òwú tí ó para pọ̀ di iṣan, a máa fà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bí wọ́n bá nípọn. Robert Förstemann, ọmọ Jámánì tí ó wà lára àwọn tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ ipò kẹta nínú ìdíje Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀n ní 2012, ní itan tí àyíká rẹ̀ ju 70 sẹ̀ǹtímítà lọ, eré kúkúrú sì ni eré tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ ayanbúrẹ́dì tí ń lo 700 wáàtì, ó gùn ún títí ègé búrẹ́dì kan fi yan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ilẹ̀ ni ó dùbúlẹ̀ sí.

Inú iṣan ni ìdí èyí wà. Fọ́nrán tí ń yára fà a máa sun ṣúgà láìdúró de ọ́síjìn, ó sì tètè ń rẹ̀ ẹ́. Fọ́nrán tí ń rọra fà kì í sábà tóbi, ṣùgbọ́n iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké yí i ká, mitochondria, ìyẹn àwọn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára, sì kún inú rẹ̀. Ìdánrawò ọlọ́jọ́ pípẹ́ lè mú méjèèjì pọ̀ sí i láìjẹ́ pé itan fẹ̀ rárá.

Iṣan ńlá a tún máa fi kún ìwọ̀n ara, orí òkè sì ni ìwọ̀n ara ti ń ni ènìyàn lára jù. Bí ẹni tí ó wọn 90 kílógíráàmù bá ń mú 360 wáàtì jáde, wáàtì 4 ni ó kan kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹni 60 kílógíráàmù bá ń mú 300 jáde, 5 ni, òun ni yóò sì kọ́kọ́ gun òkè náà dé. Chris Froome, tí wọ́n bí ní Nairobi, tí ó gba ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárín 2013 sí 2017, ga ju mítà 1.8 lọ, síbẹ̀ kò wọn tó 70 kílógíráàmù.

Èyí kò sọ gbígbé irin di ohun ìkọ̀sílẹ̀ fún ẹni tí ń gun ọ̀nà jíjìn, nítorí pé ó ń kọ́ ọpọlọ láti pe fọ́nrán púpọ̀ sí i sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, okun sì lè tipa bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i láìjẹ́ pé iṣan wúwo sí i púpọ̀.